Ọwọ́ Tó Wà Lẹ́yìn Kọ́tìnì

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta

Wọ́n tún fo àga mi lónìí. Obìnrin kan wọlé, àga mẹ́ta ti kún, tèmi nìkan ló ṣófo. Mo gbọn aṣọ tí a ń fi bo èjìká, mo ní, "Ẹ máa bọ̀, mà." Ó wo àga, ó wò mí, ó ní òun ń dúró de ẹnìkan. Ta ló ń dúró dè? Ẹnikẹ́ni tó bá ṣáà ti dúdú. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí oòrùn fi kan àtàrí, ó ń fi ìwé ìròyìn fẹ́ ara ẹ̀, èmi náà sì ń wò ó. Ìwò tí mo ń wò ó yẹn, tó bá jẹ́ iná ni, irun ẹ̀ ì bá ti jó.

Láti ìgbà tí ògiri ṣọ́ọ̀bù yìí ò tíì ní ọ̀dà ni mo ti ń dìrí níbẹ̀. Àwọn tí mo kọ́ níṣẹ́ ti dá ṣọ́ọ̀bù tiwọn sílẹ̀. Èmi, àga kẹrin, ẹ̀gbẹ́ dúrọ́ọ̀mù omi, níbi tí ẹni tó ń kọjá lójú títì ò ti lè rí mi. Ìyá Dígí ló fi mí síbẹ̀. Ó ní nítorí oòrùn ni. Ó ṣeun, ó káre.

Ìyá Dígí ni ọ̀gá wa. Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ yẹn, inú ìwé yìí nìkan ló sì ń jẹ́ ẹ. Kì í wo èèyàn lójú bó bá ń bá a sọ̀rọ̀. Inú dígí ló ti ń wò ọ́, bó ṣe ń to ìpéǹpéjú ẹ̀.

Àfín ni mí. Mo kọ ọ́ síbí nítorí pé ẹnu ò gbà á ní ṣọ́ọ̀bù. "Òyìnbó" ni wọ́n ń pè mí, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á rò pé àwọn yìn mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Kò sẹ́ni tó jókòó sí àga mi. Mo to òòyà. Mo tú u ká, mo tún un tò.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Ọ̀rọ̀ ti jáde. Ìyá Dígí fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù mìíràn lápá kejì ìlú, ibẹ̀ ni yóò sì máa jókòó sí. Bí oṣù yìí bá parí, yóò fa kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù tiwa lé ẹnìkan lọ́wọ́. Ẹni náà ni yóò gba àga kìíní, èyí tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn dígí. Òun ni àwọn ọmọṣẹ́ yóò máa kúnlẹ̀ kí. Inú dígí ló ti sọ ọ́, mi ò mọ ẹni tó ń wò nínú wa.

Ta ló kù ju èmi lọ? Ẹnu-Oyin ni. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ọ̀gá, èṣí ló dé. Ẹnu ẹ̀ dùn, ó lè bá òkú ọ̀run tàkúrọ̀sọ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹ̀ - Olúwa o. Bí ẹni ń fọ ẹní ló ṣe ń fọ orí. Mo ti rí oníbàárà tí omijé bọ́ lójú ẹ̀ lábẹ́ èékánná ọmọ yẹn, tó sì dúpẹ́ nígbà tó dìde, nítorí ẹnu.

Mo fẹ́ àga yẹn. Kí n kọ ọ́ kí n má baà tan ara mi: mo fẹ́ ẹ ju ọkọ lọ. Mo fẹ́ jókòó síbi tí gbogbo títì á ti máa rí mi, kí ẹni tí kò bá fẹ́ rí mi gba ọ̀nà mìíràn.

A tún gba agbálẹ̀ tuntun lónìí. Ará òkè odò ni, lára àwọn tó ń ya wọ̀lú láti ìgbà tí omi ti gba ilé wọn. Mo sọ ọ́ ní Òkè-Odò. Ó ga, ó gbẹ, kì í fẹsẹ̀ rìn sókè, ńṣe ló ń wọ́ ọ. Gbogbo èèyàn ló mọ bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe rí. Wọ́n ní ara máa ń yún wọn, ó sì máa ń ràn. Wọ́n ní ọwọ́ wọn kì í dúró jẹ́ẹ́ bí nǹkan olówó bá wà nítòsí. Mo gbé àpótí òòyà mi sókè.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Mo wọ ẹ̀yìn kọ́tìnì láàárọ̀, mo bá Òkè-Odò tó ń bọ́jú nínú abọ́ ìfọrí. Abọ́ tí àwọn oníbàárà ń gbé orí lé! Ara mi bù máṣọ. Ó ní ẹ má bínú, Àǹtí, ẹ̀rọ omi ìta ò yọ ni. Ó dàgbà tó ẹni tó lè bí mi, "Àǹtí" ló sì ń pè mí, "ẹ" ló ń lò fún mi. Mi ò dá a dúró. Nínú ṣọ́ọ̀bù yìí, ẹnìkan ṣoṣo ló ń bọ̀wọ̀ fún mi, mi ò sì ní sọ fún un pé kó má ṣe é.

Mo ṣòfin fún un lójú ẹsẹ̀. Mo fa aṣọ méjì ya: àkísà pupa, àkísà funfun. Mo fi wọ́n kọ́ orí ìṣó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Mo ní ohunkóhun tó bá kan ara tìẹ - àpótí tí o jókòó lé, páànù tí o fi bomi, abọ́ yìí tó o sọ di odò - omi gbígbóná, oògùn apakòkòrò, kí o fi àkísà pupa nù ún. Èyí tó bá kan ara èèyàn, funfun. Mo ní kó tún un sọ kí n gbọ́.

Ó tún un sọ bí ọmọ iléèwé. "Tèmi, pupa. Ti èèyàn, funfun."

Ó fọ abọ́ náà, mo dúró tì í. Ó fọ̀ ọ́ dáadáa, kí n má purọ́. Òórùn oògùn yẹn wà nímú mi di ìrọ̀lẹ́, ó sì dùn mọ́ mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Èrò pọ̀. Ọmọdé kan fi ìka họ apá mi wò bóyá ọ̀dà ni. Ìyá ẹ̀ ò bá a wí. Ó bi mí léèrè pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ bóyá lóòótọ́ ni pé èmi kì í jẹ iyọ̀. Mo ní mò ń jẹ ẹ́, mà, òun ni mo máa ń fi jẹ ọmọ aláìgbọràn. Kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ọmọ ẹ̀, ó lọ sí àga kejì.

Ìyá Dígí gbọ́. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó pè mí sẹ́yìn kọ́tìnì. Ó ní, "Ìwọ yìí, ọwọ́ ẹ ni mo mọ̀ pé ó dáa. Ẹnu ẹ àti ojú ẹ ló ń lé owó." Ó ní òun ti rò ó. Gbogbo orí tó bá fẹ́ fọ, èmi ni kí n máa fọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n lẹ́yìn kọ́tìnì. Ẹnu-Oyin yóò mú oníbàárà wọlé, yóò dá a dùbúlẹ̀, yóò fi aṣọ ìnura bò ó lójú bí a ti ń ṣe kí ọṣẹ má baà wọ ojú. Nígbà náà ni èmi yóò gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé. Kí n má sọ̀rọ̀ rárá. Ẹnu-Oyin ni yóò máa sọ̀rọ̀. Bí mo bá parí, kí n jáde, kí ó ṣí ojú oníbàárà.

Mo ní, "Kí wọ́n rò pé òun ló fọ̀ ọ́?"

Ó ní, "Kí wọ́n ro ohun tó bá wù wọ́n. Orí á mọ́." Ó wá ní ẹni tó bá ṣiṣẹ́ dáadáa nínú oṣù yìí, òun á mọ̀ ọ́n, òun ò fọ́jú.

Ohun tí mo gbọ́ nínú ẹ̀ ni àga kìíní. Mo gbà.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Ẹnu-Oyin wúkọ́. Àmì wa nìyẹn. Mo bọ́ bàtà sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo wọlé. Ta ni mo bá lórí abọ́? Obìnrin oníwèé ìròyìn ọjọ́sí. Aṣọ ìnura ti bo ojú ẹ̀. Mo fi omi sí orí tó sá fún mi, mo fi ọṣẹ sí i, mo fi ìka ra á láti iwájú orí dé ìpàkọ́, ní gbogbo ibi tí orí ti ń wúwo fún èèyàn láì mọ̀. Ẹnu-Oyin ń rojọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ojú fèrèsé ló ń wò, ó ń jẹ gọ́ọ̀mù. Kò pẹ́ tí obìnrin náà fi sùn. Ó hanrun.

Ó dìde, ó fi owó ẹ̀bùn sínú ọwọ́ Ẹnu-Oyin. Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, bàtà mi wà lọ́wọ́ mi. Mo gbọ́ tó ní, "Ọwọ́ ẹ á máa tutù." Àmín ni Ẹnu-Oyin ṣe.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Mo ra kọ́ọ̀pù kan fún Òkè-Odò. Ó ti ń fi tiwa mu omi, ara mi ò sì gbà á. Kọ́ọ̀pù aláwọ̀ ewé, ó ní òdòdó lára. Mo ní kó máa mú un lọ sílé, kó máa mú un bọ̀. Ó kúnlẹ̀ dúpẹ́. Inú mi dùn sí ara mi. Ẹnu-Oyin ò lè ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀gá ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Wọn á kàn máa pariwo mọ́ ọn.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Ìyàwó Adájọ́ wá. Bó bá ti dé, Ìyá Dígí máa ń pàdánù egungun ẹ̀yìn ẹ̀ ni, yóò tẹ̀ títí. Òun ló bá ọ̀gá bẹ̀bẹ̀ tó fi rí ṣọ́ọ̀bù apá kejì ìlú, àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ni yóò sì kún ibẹ̀. Ohun tó bá wí, abẹ gé e.

Mo fọ orí ẹ̀. Irun ẹ̀ fẹ́lẹ́, awọ orí ẹ̀ gbẹ, ó ń fẹ́ sùúrù. Mo fún un ní sùúrù. Ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ọmọ, láti ìgbà tí mo ti ń jáde fọ orí, n ò rí ọwọ́ báyìí. Ọwọ́ ẹ mọ́."

Ẹnu-Oyin ní, "Ẹ ṣé, mà. Àjogúnbá ni."

Àjogúnbá! Lọ́wọ́ ta? Èmi tí mo di orí ẹ̀ mú lọ́wọ́ méjèèjì, mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pín ogún mi lójú ayé mi.

Ó tún sọ̀rọ̀ nípa àwọn ará òkè odò. Ó ti rí agbálẹ̀ wa lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní wọ́n ti pọ̀ jù, èèyàn ò mọ ohun tí wọ́n gbé wọ̀lú, òun ò jẹ́ gbà wọ́n sílé òun. Mo mi orí. Kò rí mi, ṣùgbọ́n mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Orí, orí, orí. Ìka mi bó. Àga kẹrin ò sí níbẹ̀ mọ́, wọ́n gbé e síta kí bẹ́ǹṣì lè gùn sí i. Ọ̀gá ní ìgbà díẹ̀ ni.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Ilé. Màámi ń fi ìpara pa mí lọ́rùn, bó ti máa ń ṣe láti kékeré, bí ẹni pé ọmọ ọdún márùn-ún ni mo ṣì jẹ́. Mo ń ròyìn ṣọ́ọ̀bù fún un. Mo sọ ti kọ́tìnì, ó pòṣé. Mo wá sọ ti Òkè-Odò, kí ọ̀rọ̀ lè dùn díẹ̀. Mo sọ ti àkísà pupa. Mo sọ ti kọ́ọ̀pù. Mo rò pé yóò ní mo ṣe dáadáa.

Ọwọ́ ẹ̀ dúró lọ́rùn mi. Ó ní, "Ta ló ní kó o máa pín àkísà?"

Mo ní ìmọ́tótó ni, Màámi. Ó nu ọwọ́, ó lọ síbi kọ́bọ́ọ̀dù tí kọ́ọ̀pù wa wà. Kọ́ọ̀pù ilé wa pọ̀, kò sì sí méjì tó jọra: aláwọ̀ aró, elétí kan, àwọn onífáàrì olómi wúrà létí. Láti kékeré ni mo ti ń fi wọ́n yangàn. Bí mo bá lọ ṣeré nílé ẹnìkan, tí mo mu omi, wọn á ní kí n máa mú kọ́ọ̀pù náà lọ, àwọn fi ta mí lọ́rẹ. Mo rò pé gbogbo àdúgbò ló fẹ́ràn mi.

Màámi gbé ọ̀kan sọ̀kalẹ̀. Ó ní, "O ò bi mí rí pé kí ló dé tí wọn kì í gbà á padà."

Mi ò fẹ́ kọ̀wé mọ́ lónìí.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Gbogbo wọn. Ìyá ìbejì ojúlé kejì. Olùkọ́ mi tó fún mi ní èyí tó ní àwòrán ẹyẹ. Gbogbo wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí mi bí wọ́n ṣe ń fún mi. Bí mo bá pàdé wọn lónìí, mà á fọ́ kọ́ọ̀pù mọ́ wọn lẹ́nu. Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n, mà á fọ́ ọ mọ́ wọn lẹ́nu ni.

Òkè-Odò mu omi nínú kọ́ọ̀pù ẹ̀ lónìí. Mi ò wo ibẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Ẹnu-Oyin ti ń gbé ọwọ́ ẹ̀ bí ẹyin. Ó kun èékánná ẹ̀. Ó ní fún mi, láì tijú, "Òyìnbó, rọra máa fi omi tútù parí ẹ̀, àwọn èèyàn mi fẹ́ràn ẹ̀ bẹ́ẹ̀." Àwọn èèyàn mi. Mo wo ẹnu tó fi sọ ọ́ títí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi rí ìfun ẹ̀. Ẹni a ní kó kín ni lẹ́yìn, ó fẹ̀gún sọ́wọ́.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́ oṣù

Mo jáde lọ ra ọṣẹ, mo gbàgbé fìlà mi lórí ìṣó. Oòrùn ọ̀sán. Mo ti dé ìdajì ọ̀nà kí ọrùn tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí, ojú mi sì ti ń pa mọ́ra, mi ò rí iwájú dáadáa. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn mi. Òkè-Odò ni, ẹni tí kì í gbẹ́sẹ̀ sókè, ó ń sáré. Fìlà mi wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó nà án sí mi, ó ń mí gúlegúle, ó ní, "Àǹtí, oòrùn yìí ò dáa fún yín."

Mo gbà á. Mo yọ híńkáṣífù, mo nu etí fìlà náà yí ká kí n tó dé e. Ìṣojú ẹ̀ ni mo ti nù ún. Mi ò mọ̀ pé mo fẹ́ ṣe é, ọwọ́ mi ló ṣe é. Ó dúró títí mo fi nù ún tán, ó ní ẹ rọra o, ó padà.

Ó yẹ kí n ti dúpẹ́. Mi ò rántí bóyá mo dúpẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún

Ọrùn mi bó. Mo fọ orí títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Ìyá Dígí ti sọ ọ́. Ẹni tí Ìyàwó Adájọ́ ń yìn ni yóò gba kọ́kọ́rọ́. Ní ọjọ́ Ẹtì, màdáàmù ń bọ̀ wá fọ orí, kọ́kọ́rọ́ yóò sì bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ni ín lójú ẹ̀. Ó sọ ọ́ bí ẹni pé ọ̀rọ̀ tó mọ́gbọ́n wá ni. Mo dúró tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí.

Mo ní, "Mà, ọwọ́ ta ni màdáàmù ń yìn?"

Ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì to ìpéǹpéjú. Ó ní, "Ṣé o fẹ́ kí n lọ sọ fún un? Kó tó wá di pé àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ò ní wá mọ́? Ìwọ náà ronú. Iṣẹ́ ò ní bọ́ lọ́wọ́ ẹ. Ẹ̀yìn kọ́tìnì tutù, oòrùn ò sí níbẹ̀. Kí lo tún ń fẹ́?"

Mo ń fẹ́ kí ó yíjú kúrò nínú dígí. Mo lọ sẹ́yìn, mo jókòó sórí páìlì aṣọ ìnura tó dọ̀tí, mo sunkún ìbínú. Òkè-Odò wọlé wá kó wọn. Ó rí mi. Mo ní kó jáde, mo ní kí ló ń wò, ṣé kò rí ẹni tó ń sunkún rí ní oko wọn. Ó jáde. Kò ti ilẹ̀kùn gbàgà, ó rọra fà á ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Mo kórìíra gbogbo wọn.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Mo ti pinnu. Mà á sọ̀rọ̀ lọ́la. Gbólóhùn kan péré, èyí tí gbogbo onídìrí máa ń sọ. Mi ò ní bú ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ mi á wà lórí ẹ̀, ara ẹ̀ á ti rọ̀, yóò gbọ́ ohùn, yóò ṣí ojú, yóò rí mi. Ojú ní í rójú ṣàánú, wọ́n ní. Obìnrin tó ti fi orí ẹ̀ lé mi lọ́wọ́ tó sì ní ọwọ́ mi mọ́, kí ló tún fẹ́ sọ? Kò ní lè gbé ọ̀rọ̀ ara ẹ̀ mì.

Mo sọ fún Màámi. Ó ní kí n jẹun kí n tó lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Kí n kọ ọ́ bó ṣe lọ.

Ẹnu-Oyin wúkọ́. Mo wọlé, bàtà mi wà lẹ́sẹ̀ mi lónìí. Ìyàwó Adájọ́ ti dùbúlẹ̀, aṣọ ìnura funfun ti bo ojú ẹ̀. Mo fi omi sí i, mo fi ọṣẹ sí i, mo ṣiṣẹ́ mi dé ìdajì. Kò tíì sí ìgbà tí mo fọ orí kankan dáadáa tó bẹ́ẹ̀. Ẹnu-Oyin ń sọ ọ̀rọ̀ aṣọ. Nígbà tó dákẹ́ láti mí, mo ní, "Ṣé omi yìí ò gbóná jù fún yín, mà?"

Ẹnu-Oyin la ẹnu, kò pa á dé.

Màdáàmù ní, "Ta nìyẹn?"

Mo ní, "Èmi ni, mà. Èmi ni mo ti ń fọ̀ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀."

Òun fúnra ẹ̀ ló ṣí aṣọ ìnura kúrò. Ọṣẹ wà ní iwájú orí ẹ̀. Ó wò mí láti ìsàlẹ̀ wá sókè. Èmi náà ń wò ó, ojú mi sì ń jó bó ṣe máa ń jó, mi ò lè dá a dúró sójú kan. Kò pariwo. Ká ní ó pariwo ni, ǹ bá mọ ohun tí mà á ṣe, èmi àti ariwo mọ ara wa. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀rín tí mo mọ̀ ni. Ẹ̀rín máa-mú-kọ́ọ̀pù-náà-lọ.

Ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi. O gbìyànjú." Ó wá pe Ìyá Dígí pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́. Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi tún un fọ̀. Kì í ṣe nǹkan kan o, ọmọ dáadáa ni. Ara tèmi náà ni ò gba nǹkan. Kí wọ́n sì kọ́kọ́ fọ abọ́ yìí."

Dígí ò sí lẹ́yìn kọ́tìnì. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí mo ti ń bá a ṣiṣẹ́, Ìyá Dígí wò mí lójú kòrókòró. Ó ní, "Adìẹ funfun ò mọ ara ẹ̀ lágbà." Ó yọ kọ́kọ́rọ́ nínú àpò, ó fi lé Ẹnu-Oyin lọ́wọ́ níbẹ̀, lójú mi, lójú màdáàmù tí ọṣẹ ń gbẹ lórí ẹ̀. Ẹnu-Oyin kúnlẹ̀ gbà á. Wọ́n mú màdáàmù lọ sórí àga kìíní títí wọ́n á fi fọ abọ́ tán, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ṣe ń lọ.

Ìyá Dígí pariwo láti òde: "Agbálẹ̀, wá fọ abọ́ yìí. Kó o fọ̀ ọ́ kó mọ́."

Òkè-Odò wọlé. Omi gbígbóná wà lọ́wọ́ ẹ̀, oògùn apakòkòrò wà lọ́wọ́ kejì. Mo ṣì dúró síbi tí mo wà, ọwọ́ mi ń kán tótó. Ó da omi sí i. Ó da oògùn sí i. Òórùn yẹn bo gbogbo ibẹ̀. Ó wá yíjú sí orí ìṣó méjèèjì, ó dúró. Ó wo pupa, ó wo funfun. Ó yíjú sí mi.

Kò fi mí ṣẹlẹ́yà. Kí n kọ ọ́ dáadáa, nítorí pé mo ti ń wá ẹ̀sín lójú ẹ̀ láti ìgbà yẹn títí di ìsinsìnyí, mi ò rí i. Ohùn tó fi ń bi mí ní gbogbo ọjọ́ ibi tó yẹ kó da omi ìdọ̀tí sí náà ni. Mo ṣòfin fún un, ó sì fẹ́ pa á mọ́.

Ó ní, "Àǹtí, tiyín ńkọ́? Pupa ni àbí funfun?"

Mo ní èsì fún Ìyàwó Adájọ́. Mo ní fún Ìyá Dígí, ó gùn, ó sì korò. Ahọ́n mi ti ń sáré lọ síbi funfun. Bí mo bá ní funfun, èèyàn ni mí nìyẹn, òun kọ́. Bí mo bá ní pupa, òótọ́ ni màdáàmù sọ. Èmi ni mo fa aṣọ náà ya. Èmi ni mo fi wọ́n kọ́ orí ìṣó. Kò síbi tí mo lè gbà jáde nínú ẹ̀.

Ó dúró dè mí. Ó na ọwọ́ sáàárín ìṣó méjèèjì, ó ń retí kí n sọ̀rọ̀, bí oògùn yẹn ṣe ń jó abọ́ náà lọ.

Mo gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde. Ọ̀sán gangan ni. Mo ti rìn jìnnà kí n tó mọ̀ pé mo gbàgbé fìlà mi síbẹ̀. Mo dúró lójú títì, mo yíjú padà, mo sì dúró pẹ́ níbẹ̀ nínú oòrùn.

Kò sẹ́ni tó sáré tẹ̀lé mi.